Ọkọ mi wà ní kám̀pù sójà ní Amẹ́ríkà, èmi wà ní Àkúrẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìjọ́kà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí ọkọ mi ti wọ kám̀pù sójà Amẹ́ríkà, ní Fort Jackson, South Carolina. Green card ló fi wọ ìlú yẹn lọ́dún tó kọjá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Maryland ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kí ó tó forúkọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe sójà. Èmi àti àwọn ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà níbí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba.

Alẹ́ ọjọ́ tó dé ibẹ̀ ló pè mí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní òun ti dé láyọ̀, wọ́n fẹ́ gba fóònù, kí n má fi oúnjẹ ránṣẹ́, òun á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé. Kì í ṣe ohùn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí n tó dáhùn, ìpè ti já. Láti ọjọ́ náà n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé fóònù náà wà ní títì, síbẹ̀ mò ń pè é lóru, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ní kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Kí ni mo lè kọ sí i tí kò ní mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì? Èkejì, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé ó ti wọ iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bá mi fún owó iléèwé àti owó oògùn. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ìyá ọkọ mi ru sókè gan-an, alẹ́ mẹ́rin la sùn ní ọsibítù. A ti padà sílé, ara wọn ń yá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ àwọn. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Maryland náà ní kí n dákẹ́. Èmi àti ọkọ mi kì í fi nǹkan pamọ́ fún ara wa láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dára, Ọ̀bà-Ilé

Ìyá Ìbejì mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Mo ti dúró sí ibi tí ẹ wà yìí rí. Ọdún kejì rèé tí tèmi parí tirẹ̀ ní Fort Sill, Oklahoma.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò. Ìpè tí ẹ gbọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo wọn ṣe ń rí. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n sọ, sájẹ́ńtì á dúró tì wọ́n, èrò á tò lẹ́yìn, oníkálukú ń retí kí ó kàn òun. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n ti ń kà á. Wọ́n á kọ́kọ́ fá irun wọn, wọ́n á pín aṣọ àti bàtà fún wọn, wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á yẹ ìwé wọn wò. Ìyẹn lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí wọ́n tó kó wọn lọ bá àwọn tí wọn yóò jọ parí. Èmi ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì sọ ọjọ́ tí bàbá wọn máa parí fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ọjọ́ náà pé tí kò sí nǹkan kan, ẹkún ọmọ ni mo gbọ́ mọ́jú. Ẹ má sọ ọjọ́ kankan fún ọmọ títí lẹ́tà rẹ̀ yóò fi dé. (Àwọn tó ń lọ ṣe sójà ẹlẹ́sẹ̀ ní Fort Benning, ní Georgia, ọ̀sẹ̀ 22 ni wọ́n ń lò lápapọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tiwa ṣírò.)

Ọ̀rọ̀ fóònù: wọ́n lè fún wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n sì lè má fún wọn. Ọwọ́ sájẹ́ńtì ló wà. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ nínú ẹgbẹ́, gbogbo wọn lè pàdánù ìpè ọ̀sẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bí Sọ́ńdè kan bá kọjá láìsí ìpè, kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn.

Ẹ fi aago sọ́kàn. Láti Sọ́ńdè kejì nínú oṣù Kẹta títí di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú South Carolina, bí aago méjì ọ̀sán bá lù lọ́dọ̀ wọn, aago méje alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn Sọ́ńdè oṣù Kọkànlá yẹn, ó di wákàtí mẹ́fà. Ti Oklahoma àti Missouri tún fi wákàtí kan jìnnà sí i. Èmi, láti ọ̀sán Sátidé ni mo ti ń wá ibi tí màá ti gba iná sí fóònù, nítorí n kò mọ ìgbà tí iná yóò lọ. Mo sọ fún pásítọ̀ wa pé n kò ní pa fóònù mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +1, ẹ gbé e.

Bí kò bá sí dátà lórí fóònù rẹ̀, ó lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Maryland, kí ẹ̀gbọ́n sì so yín pọ̀ mọ́ ìpè náà. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ láti ìsinsìnyí. Kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sórí ìwé kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í pẹ́ tán. Àwọn ìbejì ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Bàbá Tóbi, Oǹdó

Ẹ kú ìfaradà o, Ìyá Ìbejì. Ní tiwa, ìyàwó ló lọ, èmi ni mo dúró ti ọmọ ní Oǹdó níbí. Fort Leonard Wood, ní Missouri, ni wọ́n gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mo fẹ́ dá sí, nítorí mo ṣi í kọ kí n tó mọ̀ ọ́n kọ.

Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ gba ojú ìwé mẹ́rin. Mo sọ bí ilé ṣe dá páropáro, bí n kò ṣe lè sùn ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa ń sùn sí, bí Tóbi ṣe ń béèrè rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ka lẹ́tà náà ní alẹ́, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun òun ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì yẹn ni wọ́n máa wọ yàrá gáàsì tó ń ta lójú bí ata. Mo gbé ẹrù mi lé ẹni tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ti hù. Adìẹ pupa ti pa ọmọ méje, àwòdì ti gbé ọ̀kan. Tóbi ti mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, ti òsì nìkan ló ṣì ń lọ́. Mo gún iyán fúnra mi, kókó wà nínú rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ tán. Irú èyí ni ó ń kà sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá, títí kan ọmọbìnrin ará Ghánà kan tó máa ń béèrè bí àwọn adìẹ náà ṣe ń ṣe. Ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ láti aago márùn-ún àárọ̀, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ni kí ó mọ̀ pé ilé òun ṣì wà níbi tí òun fi í sí.

Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Kò sí òfin tó ní kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sí orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Wọn kì í tò dé. Ìyàwó mi gba ẹ̀karùn-ún ṣáájú ìkejì, nọ́ńbà náà ni kò jẹ́ kí ó dàrú mọ́ ọn lójú.

Àpòòwé funfun lásán ni kí ẹ lò. Ẹ má ya òdòdó sí i, ẹ má fín lọ́fínńdà sí i, ẹ má kọ "olólùfẹ́ mi" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ síta níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì lè di pé kí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ kó máa fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè nítorí àpòòwé aláràbarà. Oúnjẹ kò sí níbẹ̀ rárá: gààrí, ṣinṣín, kúlíkúlí, wọ́n á gbà á. Fọ́tò ni kí ẹ fi sí i, ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí ẹ fi bírò tò yí ká lórí ìwé náà dára, ìyàwó mi gbé ti Tóbi sínú bíbélì rẹ̀ títí ó fi parí.

Bí ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́ nìyí. Bí ẹ bá fi sí pósí níbí, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè dé lẹ́yìn tí ọkọ yín ti kúrò ní kám̀pù yẹn. Èmi á kọ ọ́ sórí ìwé, màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àbúrò ìyàwó mi ní Texas. Òun á tẹ̀ ẹ́ jáde, á sì fi sí pósí tiwọn. Nígbà mìíràn ó ń lo Sandboxx, iléeṣẹ́ tó máa ń tẹ lẹ́tà látorí fóònù tó sì ń gbé e lọ sí kám̀pù. Ìwé tí mo fi ọwọ́ mi kọ ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù, nítorí náà fọ́tò ìwé náà ni mo ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀.

Ohun kan kù tí n kò ní gbàgbé láéláé. Ní ìparí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, wọ́n máa ń kó wọn lọ sínú igbó fún wákàtí 96, The Forge ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ru ẹrù, wọ́n á rìn, oorun díẹ̀ ni wọ́n ń rí sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, mo lọ bá ìyá ìyàwó mi, mo ní kí wọ́n pe oríkì ilé wọn kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pè é, mo kọ ọ́, ẹkún ń bọ́ lójú wa méjèèjì. Ìyàwó mi há a sórí. Ó ní ní òru ọjọ́ kẹta, nígbà tí ẹsẹ̀ òun ti bó, oríkì yẹn ni òun ń kà sínú bí òun ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ìyá Ìbejì, màmá wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n pe oríkì ọmọ wọn.

Àǹtí Alágbàká

Bàbá Tóbi, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ owó ni tèmi.

Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ni wọ́n ń sanwó fún sójà Amẹ́ríkà. Ti àkọ́kọ́ lè pẹ́ kí ìwé tó tò. Bí owó bá sì wọ àkáǹtì rẹ̀, fóònù wà ní títì, ta ni yóò fi ránṣẹ́? Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí tọkọtaya ti ṣètò rẹ̀ kí ó tó wọlé. Owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta ni kí ó wà nílẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ bá ẹ̀gbọ́n Maryland sọ ọ́ kí wọ́n máa fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ọkọ yín san án padà nígbà tó bá jáde. Kí ẹ má fi owó ọjà jẹun o. Mo rí ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba yìí, kí ọkọ rẹ̀ tó jáde ṣọ́ọ̀bù ti pa dé.

Ní ti ẹbí, ẹ má dá wọn lóhùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ bá àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tà nínú ìdílé ọkọ yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé pé ilé ẹ̀kọ́ ló wà, fóònù gan-an kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín sọ fún àwọn yòókù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu wọn jáde, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ìyàwó ló ń háwọ́.

Ọmọ Ìdànrè, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ṣe ọdún mẹ́fà nínú iṣẹ́ ológun níbí, ibi tí ọkọ yín wà gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló máa ń dá tọkọtaya dúró jù.

Kí Amẹ́ríkà tó ka ìyàwó sí ìyàwó sójà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìwé tí wọ́n ń pè ní DEERS. Ibẹ̀ ni owó ilé fún ẹni tó ní ìdílé àti ìtọ́jú ìlera ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, tí ẹ kò tíì ṣe ti kọ́ọ̀tù, ẹ ṣe é kí ó tó wọlé. Fọ́tò ayẹyẹ àti lẹ́tà ìdílé kò tó. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ti NPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ka iye èèyàn, ni kí ẹ gbà. Kí orúkọ bára mu lórí gbogbo ìwé, lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lè dá yín dúró fún oṣù.

Ẹni tó fi green card wọṣẹ́ lè béèrè láti di ọmọ ìlú nípasẹ̀ iṣẹ́ ológun rẹ̀, wọn kì í sì gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ sójà. Àwọn mìíràn ti búra rí kí wọ́n tó jáde ní kám̀pù. Bí ó bá ti di ọmọ ìlú, ìyàwó rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń tò dúró de nọ́ńbà físà. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: nígbà tó bá wà lórí green card, fọ́ọ̀mù I-130 kan tó fi pe ìyàwó lè gbé àwọn ọmọ pọ̀. Bí ó bá ti di ọmọ ìlú, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ìyá Ìbejì, fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni tiyín nìyẹn, kì í ṣe ẹyọ kan. Mo mọ ìyá kan tí físà rẹ̀ jáde tí ti ọmọ kò jáde, torí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Òfin físà kì í dúró lójú kan, ẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti àìsàn màmá. Bí ó bá di pàjáwìrì, lẹ́tà àti WhatsApp kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kíákíá. American Red Cross ni ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Maryland lè pè wọ́n, lọ́jọ́ yòówù, lóru tàbí lọ́sàn-án. Wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà, àti orúkọ ọsibítù àti dókítà, torí wọ́n á kọ́kọ́ wádìí kí wọ́n tó fi jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ló máa pinnu bóyá yóò gbàyè lọ sílé. Ẹ kọ gbogbo èyí sórí ìwé kan báyìí, kí ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀dà kan, kí ẹ̀yin náà ní ọ̀kan.

Màmá Bárékè, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Sójà Nàìjíríà ni bàbá àwọn ọmọ mi, Zaria, ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Dípò (Depot), ni wọ́n ti kọ́ wọn ní 1986. Oṣù mẹ́fà gbáko, kò sí fóònù kankan. Awakọ̀ tó ń gbé kókó lọ sí òkè ọya ló ń bá mi mú lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni èsì dé. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé wa kiri, kó tó di pé a parí rẹ̀ sí bárékè Owena níbí.

Ní bárékè, a ní Magajiya, olórí àwọn ìyàwó sójà. Bí ọkọ rẹ bá lọ, òun ló máa kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá, kì í béèrè pé ṣé ara rẹ le. Á wo ìkòkò rẹ, á wo ojú ọmọ rẹ, á mọ̀. Ìyá Ìbejì, ìwọ kò sí ní bárékè, kò sí Magajiya tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ, èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju ọkọ rẹ lọ. Ọkọ rẹ wà láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ìyà kan náà ń jẹ. Ìwọ nìkan lo wà. Wá obìnrin kan tó lè máa wọlé láìkéde, ìyálọ́jà ẹgbẹ́ yín tàbí ará ilé kejì. Sọ fún un pé kí ó máa wá wo ìkòkò rẹ.

Ìpè tí o ń pè lóru yẹn, dín in kù. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Èmi a máa gbé aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì fọ̀ sábẹ́ orí sùn. Ṣùgbọ́n oorun ni kí o wá, ọmọ méjì àti arúgbó kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, dákẹ́. Bí wọ́n ti wí ni kí o ṣe. Ìyá ló bí i.

Nọ́ọ̀sì Ìtanla, Oǹdó

Màmá, ẹ kú àgbà, mo forí balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi.

Mo ti rí ẹbí tó pa á mọ́ tí nǹkan sì burú lẹ́yìn náà. Ọmọ náà padà wálé, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, kò sì fọkàn tán ìyàwó rẹ̀ mọ́ títí di òní, torí ó mọ̀ pé gbogbo lẹ́tà tó ń kà nígbà yẹn tó ní "ara màmá le" kì í ṣe òótọ́. Bí ìyàwó bá purọ́ nípa ìyá, kí ni ọkọ máa gbà gbọ́ lẹ́yìn náà?

Kì í ṣe pé kí ẹ dẹ́rù bà á. Ẹ dúró títí ara màmá yóò fi rọlẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, bí wọ́n ṣe wà báyìí. Kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti òwúrọ̀ yẹn sí i, kí ó rí i pé ẹnì kan ń wọ̀n ọ́n. Kí oògùn má já lọ́wọ́ màmá o, ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró bí ara bá ti fúyẹ́.

Bàbá Tóbi, Oǹdó

Mo wà lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sí Màmá Bárékè. Àmọ́ màmá fúnra wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ lójú wọn.

Ìyàwó Kékeré, Òkè-Àró

Ẹ ṣọ́ra fún ìpè o. Ẹnì kan pè mí pé ọ̀gá ọkọ mi ni òun, pé kí n san owó kí wọ́n lè fún un láyè wálé. Mo ti ń wá owó náà kí àbúrò mi tó dá mi dúró. Sójà kì í sanwó kí ó tó gbàyè, ẹbí rẹ̀ kì í sì í san án. Irọ́ gbáà ni. Ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ológun sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń tan èèyàn.

Ìyá Ìbejì, Ìjọ́kà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá tí mo kọ̀wé síbí. Mo ní kí n jábọ̀.

Àdírẹ́sì dé ní ọjọ́ kejì tí mo kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n Maryland ló yà á ní fọ́tò fún mi. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni mo ti kọ, nọ́ńbà wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bẹ ìyá ọkọ mi. Ohun tó yí ọkàn wọn padà ni oríkì yẹn. Mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bírò, wọ́n ń pè é, mo ń kọ ọ́, ìgbà tí wọ́n dé ibi orúkọ bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kọ ọ́ sí i pé àìsàn ṣe mí, ṣùgbọ́n èmi ni mo pe èyí fún un." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn ni. Mo fi nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí i gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti wí.

Èsì dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun sunkún nígbà tí òun kà á, pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ lára pé nǹkan kan ń ṣe màmá, torí ẹ̀gbọ́n òun yára kọjá orúkọ wọn lórí fóònù. Ó ní ọkàn òun ti wá balẹ̀. Ó ní kí n máa kọ nọ́ńbà náà sí gbogbo lẹ́tà, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá Bárékè, ẹ ṣeun. Ìyálọ́jà ẹgbẹ́ aláṣọ ń wá lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdé àti Sátidé, kì í kanlẹ̀kùn. N kò pe fóònù yẹn mọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí lọ́hùn-ún ni wọ́n máa yan fún ayẹyẹ ìparí wọn ní pápá Hilton Field. Wọ́n máa ń gbé e sórí Facebook kám̀pù náà, àárọ̀ wọn ni, ọ̀sán wa. Ẹ̀gbọ́n Maryland máa wà níbẹ̀ láti Ọjọ́rú tí wọ́n ń gba ẹbí láàyè. Mo ti yá jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ́wọ́ ará ilé kejì, mo sì ti ra dátà.

Ìyàwó Ṣadé Tuntun, Shagari Village

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ọkọ mi ń wọ kám̀pù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ la ṣe ní oṣù Kejìlá, Houston ló ti wá ṣe é, ó ṣì wà nílé títí di Fraidé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìjọ́kà

Àbúrò mi, Mọ́ńdè lónìí. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹ lọ sí régísìtírì ní àárọ̀ ọ̀la kí ẹ lọ béèrè iye ọjọ́ tó máa gbà kí wọ́n tó so yín pọ̀. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà lórí pásípọ́ọ̀tù gan-an. Bí o bá dé, kọ̀wé síbí, màá fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀.